Ìbéèrè Ẹ̀yin Òǹkàwé: Tom Crean, Ọmọ Àgbẹ̀ Tó Di Atukọ̀ Ogun Ìlú Ọba

Nínú àtẹ̀jáde wa tó kọjá, a dárúkọ Tom Crean fẹ́rẹ́ nínú àpilẹ̀kọ kan tó dá lórí àwọn tó rìnrìn àjò lọ sí Antarctica, ilẹ̀ yìnyín tó wà ní ìpẹ̀kun gúúsù ayé. Ìpínrọ̀ kan péré la fi sọ̀rọ̀ rẹ̀: pé ọmọ Áyálándì ni, pé ó bá Captain Robert Scott àti Sir Ernest Shackleton rìn, àti pé ó gba ẹ̀mí ènìyàn là. Lẹ́tà tí ìpínrọ̀ kan ṣoṣo yẹn mú wá ju èyí tí gbogbo ìyókù àpilẹ̀kọ náà mú wá lọ. Ohun tí púpọ̀ nínú yín sì fẹ́ mọ̀ jù ni iṣẹ́ tí ọkùnrin náà ń ṣe: bí ó ṣe wọ iṣẹ́ ológun ojú omi, ipò tó wà níbẹ̀, àti ohun tó rí gbà. Inú mi dùn sí i, nítorí mo gbà gbọ́ dájú pé ẹni tó bá yọ iṣẹ́ ológun ojú omi kúrò nínú ìtàn Crean kò lè mọ ohun tó jẹ́ kí ó lè ṣe gbogbo ohun tó ṣe. Díẹ̀ rèé lára àwọn ìbéèrè náà.

Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Ṣé arìnrìn-àjò ni Tom Crean ni, àbí ọmọ ogun? Bó bá sì jẹ́ ọmọ Áyálándì lóòótọ́, kí ló dé tó fi ń ṣiṣẹ́ fún ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì? — Òǹkàwé kan, Ògbómọ̀ṣọ́

Ọmọ ogun ojú omi ni, láti ìgbà tó wà lọ́mọdé títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ọdún 1877 ni wọ́n bí i lẹ́bàá abúlé Annascaul ní agbègbè Kerry, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Áyálándì, sínú ìdílé àgbẹ̀ tí ọmọ pọ̀ sí, tí ilẹ̀ kò sì tó pín fún gbogbo wọn. Lákòókò náà, abẹ́ ìjọba kan náà ni Áyálándì àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà, nítorí náà kì í ṣe ohun tó ṣàjèjì pé kí ọmọ Kerry wọ aṣọ ológun Ọbabìnrin Victoria. Ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin etíkun Áyálándì ló ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí iṣẹ́ náà ń bọ́ni, ó ń wọ ni láṣọ, ó sì ń sanwó fún ni ní àkókò tí oko bàbá ẹni kò lè ṣe ọ̀kankan nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ 10 oṣù Keje ọdún 1893, Crean forúkọ sílẹ̀. Ìwé ìjọba fi hàn pé ó ku ọjọ́ mẹ́wàá kí ó pé ọmọ ọdún 16.

Ọdún tó lo lẹ́nu iṣẹ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 27. Nínú gbogbo rẹ̀, bíi ọdún 8 péré ló fi wà ní Antarctica tàbí lójú ọ̀nà ibẹ̀, nínú ìrìn àjò mẹ́ta. Ìyókù, inú ọkọ̀ ogun àti àgọ́ àwọn ológun ló ti lò ó, níbi tó ti ń ṣe iṣẹ́ tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún atukọ̀ mìíràn tí a kò mọ orúkọ wọn ń ṣe.

Olùkọ́ ìtàn ni mí. Mo rí i kà pé Crean jẹ́ "Petty Officer", ṣùgbọ́n n kò mọ ibi tí ipò yẹn dúró sí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi la àtẹ̀gùn ipò wọn kalẹ̀, kí n lè ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ọmọ. — Olùkọ́ kan, Iléṣà

Àtẹ̀gùn náà gùn, ìsàlẹ̀ rẹ̀ pátápátá ni Crean sì ti bẹ̀rẹ̀. Ipò àkọ́kọ́ ni Boy Second Class, ìyẹn ọmọdé tó ń kọ́ṣẹ́. Inú ọkọ̀ Impregnable ní èbúté Devonport ni wọ́n fi Crean sí, ọkọ̀ onígi àtijọ́ kan tí kò lọ sójú ogun mọ́, tí wọ́n ti sọ di ilé ẹ̀kọ́ lórí omi. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ bí a ṣe ń ta kókó okùn, bí a ṣe ń gun òpó ìgbòkun, bí a ṣe ń tu ọkọ̀ kékeré, bí a ṣe ń yìnbọn, àti bí a ṣe ń fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán aṣọ ara ẹni. Mo fẹ́ kí ẹ fi ti abẹ́rẹ́ yìí sọ́kàn. Atukọ̀ ogun ayé ìgbà náà kì í dúró de télọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ní í rán aṣọ rẹ̀, òun ní í lẹ̀ ẹ́ nígbà tó bá ya, òun ní í fọ̀ ọ́. Orí àsokọ́ aláṣọ ló ń sùn, láàárín ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkùnrin tí wọ́n há sí ibi tóóró, bó bá sì di òwúrọ̀, yóò ká a, yóò dì í, kí ẹnikẹ́ni tó lè rí ibi ẹsẹ̀ tẹ̀. Ẹni tó bá ti gbé bẹ́ẹ̀ dàgbà yóò mọ bí a ṣe ń bá ẹlòmíràn gbé ní àyè kékeré láìbínú, yóò sì mọ bí a ṣe ń tọ́jú ohun tí a ní, nítorí kò sí òmíràn.

Láti Boy Second Class, ọmọ yóò di Boy First Class. Bó bá pé ọmọ ọdún 18, yóò di Ordinary Seaman. Bí iṣẹ́ bá sì ti mọ́ ọn lọ́wọ́, yóò di Able Seaman. Lókè ìyẹn ni Leading Seaman, lẹ́yìn náà Petty Officer, lẹ́yìn náà Chief Petty Officer. Bí ẹ bá fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ọmọ, ẹ lè sọ fún wọn pé Petty Officer láàárín àwọn atukọ̀ dà bí sájẹ́ńtì láàárín àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀: òun ló ń gba àṣẹ lẹ́nu ọ̀gá, tó sì ń rí i pé iṣẹ́ náà di ṣíṣe. Nígbà tí Crean kọ́kọ́ dé ibẹ̀, ipò náà pín sí méjì, onípò kejì tó kéré àti onípò kìíní tó ga; ní 1907 ni wọ́n pa onípò kejì rẹ́.

Ọjọ́ tí ọmọ bá pé ọdún 18 ni iye ọdún iṣẹ́ rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Àdéhùn ọdún 12 ni. Ẹni tó bá fẹ́ gba owó ìfẹ̀yìntì yóò fi 10 mìíràn lé e kí ó lè pé 22. Owó náà kéré. Owó ìpìlẹ̀ tí Able Seaman ń gbà fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí padà láti àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún títí di ọdún 1912, nígbà tí Winston Churchill, tí ó wà nípò mínísítà tó ń bójú tó àwọn ológun ojú omi, fi díẹ̀ kún un. Ohun tí ènìyàn lè fi kún owó tirẹ̀ ni ìwà rere: lẹ́yìn ọdún 3, ọdún 8 àti ọdún 13 láìní àbùkù, wọn a máa fún atukọ̀ ní àmì ìwà rere tí yóò rán mọ́ apá aṣọ, àmì kọ̀ọ̀kan sì ń mú pẹ́nì kan wọlé lóòjọ́.

Crean gun àtẹ̀gùn náà kíá. Ó ti inú ọkọ̀ ogun Devastation bọ́ sínú Royal Arthur, ọkọ̀ tó ṣáájú àwọn ọkọ̀ ogun Ìlú Ọba tó wà lórí òkun Pàsífíìkì, níbi tó ti di Ordinary Seaman ní 1895. Kò tó ọdún kan lẹ́yìn náà tó fi di Able Seaman nínú ọkọ̀ Wild Swan. Ó lọ sí Defiance, ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ni ní iṣẹ́ tọ̀pídò, nígbà tó sì di 1899, ó ti di Petty Officer onípò kejì. Ní oṣù Kejì ọdún 1900, wọ́n gbé e lọ sínú Ringarooma, ọkọ̀ ogun kan tó ń ṣọ́ omi agbègbè New Zealand.

Ibẹ̀ ló ti ṣubú. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún 1901, wọ́n gba ipò Petty Officer lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí ìwà àìtọ́ kan, wọ́n sì dá a padà sí Able Seaman. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fo ibí yìí nínú ìtàn rẹ̀, bóyá nítorí wọ́n fẹ́ kí akọni wọn mọ́ tónítóní. Èmi kò rí ìdí tí a fi níláti fò ó. Ìgbà yẹn gan-an ni ọkọ̀ Discovery, èyí tí Scott fẹ́ gbé lọ sí Antarctica, gúnlẹ̀ sí Lyttelton ní New Zealand, tí àwọn atukọ̀ Ringarooma sì lọ ràn wọ́n lọ́wọ́. Atukọ̀ kan lára ti Discovery lu ọ̀gá rẹ̀, ó sì sá lọ. Scott nílò ẹni tí yóò rọ́pò rẹ̀, Crean sì yọ̀ǹda ara rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta péré lẹ́yìn tí wọ́n rẹ ipò rẹ̀ sílẹ̀ ni ọkọ̀ náà gbéra.

Nígbà tí Discovery fi bọ́ lọ́wọ́ yìnyín ní oṣù Kejì ọdún 1904, Crean ti lo ọjọ́ 149 nínú okùn, tó ń fa ẹrù lórí yìnyín bí ẹṣin. Scott fọwọ́ sí i pé kí wọ́n gbé e ga, ó sì di Petty Officer onípò kìíní. Ní 1906, Scott ní kí wọ́n mú un wá bá òun nínú ọkọ̀ Victorious, láti ibẹ̀ ló sì ti ń mú un lọ sínú Albemarle, Essex àti Bulwark. Ọ̀gá tó bá mú atukọ̀ kan ṣoṣo tọ ọkọ̀ ogun mẹ́rin ti sọ èrò rẹ̀ nípa ẹni náà, kò tún nílò ìwé ẹ̀rí mìíràn.

Wọ́n ní Crean dá rìn ní kìlómítà mẹ́rìndínlọ́gọ́ta lórí yìnyín láìní àgọ́ àti ibùsùn. Ṣé òótọ́ ni, àbí àsọdùn àwọn òǹkọ̀wé? — Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Ayétòrò

Òótọ́ ni, ìtàn náà sì wuni ju bí wọ́n ṣe ń gé e kúrú lọ. Ẹ jẹ́ kí n gbé e kalẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 1910, Scott tún gbéra, lọ́tẹ̀ yìí nínú ọkọ̀ Terra Nova, láti lọ wá ìpẹ̀kun gúúsù ayé. Crean bá a lọ. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá ọdún 1911, wọ́n kúrò ní ibùdó wọn létí òkun, wọ́n sì dojú kọ àárín ilẹ̀ yìnyín náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló jáde, ṣùgbọ́n ètò náà ni pé ìkọ̀ kan lẹ́yìn òmíràn yóò máa padà sẹ́yìn títí yóò fi ku àwọn díẹ̀ tí yóò dé ibi ìpẹ̀kun. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kìíní ọdún 1912, ó ku ènìyàn mẹ́jọ, ó sì ku bíi kìlómítà 270. Scott mú ènìyàn mẹ́rin: Edward Wilson, Lawrence Oates, Henry Bowers àti Petty Officer Edgar Evans. Ó ní kí Crean, William Lashly tó jẹ́ ọ̀gá àwọn tó ń dáná ẹ̀rọ nínú ọkọ̀, àti Lieutenant Edward Evans máa padà sílé. Crean sunkún. Scott fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ rẹ̀.

Àwọn mẹ́ta yìí ní ọ̀nà tó lé ní kìlómítà 1,000 láti rìn. Wọ́n ń fa sléèjì, ìyẹn pákó gbọọrọ tí wọ́n ń di àgọ́, oúnjẹ àti epo ìdáná sí, okùn rẹ̀ sì ń kọjá ní àyà àti èjìká wọn. Nígbà tí wọ́n dé òkè odò yìnyín ńlá tí wọ́n ń pè ní Beardmore, wọ́n ṣìnà. Bí wọ́n bá ní kí wọ́n yí i ká, ọjọ́ mẹ́ta ni yóò gbà wọ́n, oúnjẹ wọn kò sì tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n jókòó lé sléèjì náà, wọ́n sì jẹ́ kí ó yọ̀ lọ sísàlẹ̀, ní gíga tó tó mítà 600, láàárín ọ̀gbun tó lè gbé gbogbo wọn mì. Wọ́n dé ìsàlẹ̀ láàyè.

Lẹ́yìn èyí ni àìsàn scurvy kọlu Lieutenant Evans, àìsàn tó máa ń mú ẹni tí kò bá rí èso tàbí ẹ̀fọ́ tútù jẹ fún ìgbà pípẹ́. Oríkèé rẹ̀ wú, kò lè dúró mọ́, ó sì pàṣẹ fún àwọn méjì náà pé kí wọ́n fi òun sílẹ̀, kí wọ́n máa lọ. Wọ́n kọ̀. Evans sọ lẹ́yìn náà pé ìgbà kan ṣoṣo rèé tí àwọn tó wà lábẹ́ òun kọ àṣẹ òun. Wọ́n gbé e lé sléèjì, wọ́n sì ń fà á lọ títí di ọjọ́ 18 oṣù Kejì, nígbà tí agbára pin, tí òjò dídì sì rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí sléèjì kò fi lè yọ̀ mọ́. Ó ku kìlómítà 56 kí wọ́n dé Hut Point, níbi tí àwọn ènìyàn wà. Oúnjẹ tó kù kò ju ti ọjọ́ kan tàbí méjì lọ.

Lashly dúró láti máa tọ́jú aláìsàn. Crean lọ. Ní nǹkan bí aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ló gbéra, kò mú àgọ́, kò mú ibùsùn. Ohun tó wà lápò rẹ̀ kò ju ṣokoléètì díẹ̀ àti bísíkíìtì mẹ́ta lọ. Ẹ má gbàgbé pé ó ti wà lójú ọ̀nà láti bíi oṣù mẹ́ta àti ààbọ̀ sẹ́yìn. Nígbà tó rìn dé nǹkan bí ìdajì ọ̀nà, ó jókòó fún ìgbà díẹ̀, ó jẹ ṣokoléètì náà àti bísíkíìtì méjì, ó sì dá ẹyọ kan padà sápò. Mo máa ń ronú lórí bísíkíìtì kẹta yẹn ju gbogbo ìyókù ìtàn náà lọ. Ebi ń pa á, kò sí ẹni tó ń wò ó, síbẹ̀ ọwọ́ tí wọ́n ti kọ́ láti ìgbà ọmọdé pé a kì í tán oúnjẹ ọkọ̀ kí èbúté tó hàn, ọwọ́ náà ṣe bí wọ́n ṣe kọ́ ọ.

Aago mẹ́ta ààbọ̀ òru ló wọ Hut Point, lẹ́yìn bíi wákàtí 18. Dókítà Edward Atkinson wà níbẹ̀ pẹ̀lú Dimitri Gerov, ọmọ Rọ́ṣíà tó ń bójú tó àwọn ajá. Kò pẹ́ rárá tó wọlé ni ìjì òjò dídì bẹ̀rẹ̀. Ká ní ó ká a mọ́ ojú ọ̀nà ni, ibẹ̀ ni ìbá kú sí, àwọn méjì tó kù nínú àgọ́ ìbá sì tẹ̀lé e. Nígbà tí ìjì náà rọlẹ̀, Atkinson àti Gerov kó ajá lọ, wọ́n sì gbé Evans àti Lashly wá láàyè.

Bẹ́ẹ̀ ni ìtàn náà rí. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1912, Crean wà lára àwọn tó lọ wá Scott, tí wọ́n sì rí àgọ́ tí òun, Wilson àti Bowers kú sí. Ní ọjọ́ 26 oṣù Keje ọdún 1913, Ọba George Karùn-ún fi Àmì Ẹ̀yẹ Albert kọ́ Crean àti Lashly lọ́rùn ní Ààfin Buckingham, nítorí ẹ̀mí Evans tí wọ́n gbà là. Wọ́n sì sọ Crean di Chief Petty Officer, tí wọ́n dá ọjọ́ ìgbéga náà padà sẹ́yìn sí oṣù Kẹsàn-án ọdún 1910.

Ìlú Dublin ni mo ń gbé. Bí ogun àgbáyé bá ti bẹ̀rẹ̀ ní 1914, báwo ni wọ́n ṣe gba ọmọ ogun láyè láti bá Shackleton lọ wo yìnyín? Ṣé kò yẹ kí ó wà lójú ogun ni? — Òǹkàwé kan, Dublin

Shackleton ti béèrè fún un kí ogun tó bẹ̀rẹ̀, àwọn aláṣẹ ológun ojú omi sì yá a fún un. Láti ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún ọdún 1914 ni Crean ti di Second Officer, ìyẹn ọ̀kan lára àwọn ọ̀gá, nínú ọkọ̀ Endurance. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹjọ, Shackleton ránṣẹ́ sí ìjọba pé òun ṣe tán láti fi ọkọ̀ àti àwọn ènìyàn òun sílẹ̀ fún ogun. Èsì tó gbà ni pé kí ó máa bá ìrìn àjò rẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹjọ, wọ́n kúrò ní Plymouth.

Ẹ ti mọ bí ó ṣe parí: yìnyín mú ọkọ̀ náà ní oṣù Kìíní ọdún 1915, ó fọ́ ọ, ọkọ̀ sì rì ní ọjọ́ 21 oṣù Kọkànlá. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan lórí abala yìnyín tó ń léfòó, wọ́n fi ọkọ̀ kékeré mẹ́ta dé Erékùṣù Elephant. Láti ibẹ̀, ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹrin ọdún 1916, ọkùnrin mẹ́fà wọ inú James Caird, ọkọ̀ tí gígùn rẹ̀ kò pé mítà méje, láti la òkun tó le jù lọ láyé kọjá, bíi kìlómítà 1,500, lọ sí erékùṣù South Georgia. Crean wà lára wọn. Shackleton ròyìn pé nígbàkígbà tó bá kan Crean láti di ìtọ́kọ̀ mú, orin ló máa ń kọ, àti pé kò sí ẹni tó mọ orin tó jẹ́. Omi tútù ń da lé wọn lórí, aṣọ kò gbẹ rí lára wọn, ó sì ń kọrin.

Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀, ẹ̀gbẹ́ erékùṣù tí kò sí ènìyàn ni wọ́n dé. Shackleton, Frank Worsley àti Crean kan ìṣó tí wọ́n yọ lára ọkọ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ bàtà wọn kí ó má baà yọ̀, wọ́n mú okùn kan àti irinṣẹ́ káfíńtà kan tí wọn yóò fi máa gbẹ́ yìnyín, wọ́n sì gba orí òkè tí ẹnikẹ́ni kò là kọjá rí, fún wákàtí 36, títí wọ́n fi dé Stromness, níbi tí àwọn ará Norway ti ń pa àbùùbùtán. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹjọ ọdún 1916, ọkọ̀ Yelcho tí orílẹ̀-èdè Chile yá wọn, tí Luis Pardo sì jẹ́ ọ̀gá rẹ̀, kó gbogbo ènìyàn 22 tó kù ní Erékùṣù Elephant. Nígbà tó di oṣù Kọkànlá, Crean ti padà sẹ́nu iṣẹ́ ológun, ó sì lo ìyókù ogun náà bí àwọn atukọ̀ yòókù.

Gbogbo iṣẹ́ yìí, kí ló dé tí wọn kò fi sọ ọ́ di ọ̀gágun? — Òǹkàwé kan, Ìkòròdú

Ìbéèrè yìí dùn mí nígbà tí mo kà á, nítorí ìdáhùn rẹ̀ kò dára. Inú ọkọ̀ ogun Ìlú Ọba nígbà náà, ẹgbẹ́ méjì ló wà, ọ̀nà tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gbà wọlé sì yàtọ̀. Ọmọ olówó àti ọmọ ọ̀gá ń wọlé gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá tó ń kọ́ṣẹ́ láti bíi ọmọ ọdún 13, àwọn òbí wọn sì ń sanwó fún un. Ọmọ àgbẹ̀ ń wọlé gẹ́gẹ́ bí Boy Second Class. Bí ọmọ àgbẹ̀ yìí bá mọṣẹ́ dé ibi tó ga jù, ibi tí yóò parí sí ni Warrant Officer, ipò àwọn àgbà oníṣẹ́ ọwọ́ inú ọkọ̀, tí wọ́n bọ̀wọ̀ fún, ṣùgbọ́n tí wọn kì í bá àwọn ọ̀gá jẹun pọ̀. Ọdún 1912 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ la ọ̀nà kan fún àwọn atukọ̀ tó jẹ́ ọ̀dọ́ láti ìsàlẹ̀ láti di ọ̀gá. Lọ́dún yẹn, Crean ti pé ọmọ ọdún 35, ó sì wà lórí yìnyín.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1916 ni wọ́n sọ ọ́ di Boatswain, èyí tó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn Warrant Officer. Ibẹ̀ ló parí sí. Lieutenant Evans tí Crean rìn kìlómítà 56 nítorí rẹ̀ di Admiral, ó sì di Baron Mountevans ní 1945. N kò fi èyí bu Evans kù; akọni ni òun náà, kò sì yé yin àwọn tó gbà á là. Àmọ́ nígbà tí ènìyàn bá gbé ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn parí sí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, yóò rí i pé inú Endurance nìkan, níbi tí Shackleton ti ń yan ènìyàn nítorí ohun tó lè ṣe, ni wọ́n ti fún Crean ní ipò ọ̀gá. Àwọn ológun ojú omi kò fún un.

Ṣé ó rí owó ìfẹ̀yìntì gbà? Kí ló sì ṣe lẹ́yìn náà? — Ọ̀gá fẹ̀yìntì kan, Abẹ́òkúta

Ó rí i gbà. Ó ṣubú nígbà tó wà nínú ọkọ̀ Hecla, ìṣubú náà sì bà á lójú jẹ́, nítorí náà wọ́n fẹ̀yìn rẹ̀ tì nítorí àìlera ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹta ọdún 1920. Ó ti gbé Ellen Herlihy, ọmọ Annascaul, níyàwó ní 1917. Shackleton tún pè é fún ìrìn àjò mìíràn, ṣùgbọ́n ó kọ̀. Ó ra ilé ọtí kékeré kan ní abúlé rẹ̀, ó sì sọ ọ́ ní South Pole Inn.

Ọ̀pọ̀ nínú yín béèrè ìdí tí kò fi sọ ìtàn ara rẹ̀. Ẹ wo ọdún tó padà sílé. Áyálándì ń bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì jagun òmìnira, ẹni tó bá ti wọ aṣọ ọba kò sì láyọ̀ láti máa fọ́nnu. Oṣù kan péré lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì, wọ́n yìnbọn pa Cornelius, ẹ̀gbọ́n-tàbí-àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ sájẹ́ńtì ọlọ́pàá ìjọba, ní agbègbè Cork. Crean kó àwọn àmì ẹ̀yẹ rẹ̀ pamọ́, kò bá oníròyìn kankan sọ̀rọ̀ títí ayé rẹ̀. Ní ọdún 1938, àpẹ́ńdíìsì bẹ́ sí i nínú. Wọ́n gbé e lọ sí Tralee, kò sí oníṣẹ́ abẹ níbẹ̀, wọ́n tún gbé e lọ sí Cork, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù. Ó kú ní ọjọ́ 27 oṣù Keje, wọ́n sì sin ín sí ibojì tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ní Ballynacourty.

Ṣé ohun kan ṣì wà tí a lè lọ wò? — Òǹkàwé kan, Manchester

Ó wà. South Pole Inn ṣì ń ṣiṣẹ́ ní Annascaul, ère rẹ̀ tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní 2003 sì wà nítòsí rẹ̀, tó gbé ọmọ ajá méjì dání. Àwọn àmì ẹ̀yẹ rẹ̀ wà ní ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé agbègbè Kerry, ní Tralee. Ìjọba Áyálándì tún fi orúkọ rẹ̀ sọ ọkọ̀ ìwádìí ojú òkun wọn kan, ọkọ̀ náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2022.